Ẹni Tí A Fi Ẹ̀sùn Oògùn Olóró Kàn: Ó Yẹ Kí A Gba Onídùúró Rẹ̀, Kí A Sì Tètè Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀

Ìbéèrè: "Kò yẹ kí a máa gba onídùúró ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn oògùn olóró kàn." Kọ èrò rẹ lórí gbólóhùn yìí.

Ìlú Gánmọ́ ni mo ń gbé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń gba ìlú wa kọjá, kò sì sí irú ẹrù tí wọn kì í kó. Ó dun ni láti sọ pé oògùn olóró wà lára ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjà lánàá ni a óò rí lónìí tí yóò jókòó sí abẹ́ igi, tí ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí kò sì ní í dá ẹni tí ń kí i mọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yà mí lẹ́nu nígbà tí àgbàlagbà kan dìde níbi ìpàdé àdúgbò wa, tí ó ní kí ìjọba ti ẹnikẹ́ni tí a bá mú nítorí oògùn olóró mọ́lé, kí a má gba onídùúró rẹ̀, kí ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá wu adájọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi gbà pé ìbínú bàbá náà tọ́, ṣùgbọ́n n kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a gba onídùúró ẹni tí a fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn bí kò bá sí ìdí pàtàkì tí a fi lè kọ̀ ọ́, ó sì di dandan kí a tètè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ó yẹ kí n sọ ohun tí gbígba onídùúró jẹ́. Gbígba onídùúró, tí àwọn ará ìlú ń pè ní béèlì, kì í ṣe ìdáríjì, kì í sì í ṣe ìdáláre. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn yóò máa ti ilé rẹ̀ wá jẹ́jọ́, ẹni tí ó ní ojúlé àti orúkọ rere yóò sì fi ara rẹ̀ dúró pé kò ní í sá lọ. Bí ó bá sá, onídùúró ni yóò forí fá a. Àwọn baba wa mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń lo onígbọ̀wọ́, tí baálé ilé sì ń dúró níwájú ọba fún ọmọ ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní béèlì jẹ́ àrékérekè tí àwọn lọ́yà fi ń tú ọ̀daràn sílẹ̀ kò sọ òtítọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fi ojú kékeré wo ewu oògùn olóró. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ìjọba ilẹ̀ wa ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láti ẹni ọdún 15 títí dé ẹni ọdún 64. Ní ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de oògùn ikọ́ olómi tí kodíìnì wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ tí àjọ NAFDAC tì pa ní oṣù karùn-ún ọdún náà kí wọn lè ṣe ìwádìí wọn, méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì wà ní Ìlọrin, nítòsí wa níhìn-ín. A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pa iná kì í wó ilé aládùúgbò lulẹ̀ láìnídìí.

Ìdí kìíní tí mo fi gba ọ̀rọ̀ onídùúró wọlé ni pé òfin ilẹ̀ wa ka ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́bi títí di ọjọ́ tí a bá fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Abala 35 tún sọ fún wa pé ẹni tí a bá mú gbọ́dọ̀ dé iwájú ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà ní ibi tí kò jìnnà ju 40 kìlómítà lọ. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Láti Gánmọ́ dé Ìlọrin, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ oògùn olóró wà, kò tó ìdajì 40 kìlómítà. Ta ni yóò wá sọ pé òun kò rí ọ̀nà gbé ẹni tí a mú ní Gánmọ́ dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan? Òfin kan náà sọ pé bí ẹni tí a tì mọ́lé kò bá rí ìgbẹ́jọ́ láàárín oṣù méjì, kí a tú u sílẹ̀, bóyá láìsí àdéhùn kankan, tàbí pẹ̀lú àdéhùn tí yóò mú un padà wá jẹ́jọ́. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà ní àtìmọ́lé, kí ó máa retí ìdájọ́, ju iye ọdún tí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an jẹ́ lọ. Òfin yìí kò yọ oògùn olóró sílẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ìyà àtìmọ́lé kì í mọ sórí ẹni tí a tì mọ́lé nìkan. Ká sọ pé ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan gbé èrò láti oríta Gánmọ́ lọ sí Ìdófìàn. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NDLEA dá wọn dúró. Èrò bẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ inú igbó, ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n tú báàgì, wọ́n bá igbó nínú rẹ̀. Ọlọ́kadà ni ó wà níbẹ̀, òun ni wọn yóò mú. Kò burú, nítorí wọn kò lè mọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá gba onídùúró rẹ̀, tí a sì ń sún ẹjọ́ rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹni tí ó gbé ọ̀kadà fún un kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yóò wá gba ọ̀kadà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yóò kó padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá kò ní í rí owó ìdánwò san. Ìyá rẹ̀ àgbà yóò máa wọ ọkọ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lórí. Bí adájọ́ bá wá sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé kò jẹ̀bi, ta ni yóò dá ọdún mẹ́ta náà padà fún un? Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó wá fi ìyà jẹ ènìyàn kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Irú ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Láti ọdún 2019 ni a ti yí orúkọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí àjọ tí ń tún ìwà ṣe. Síbẹ̀, tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà nínú ọgbà wọ̀nyí jákèjádò Nàìjíríà ni a kò tíì dá lẹ́jọ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ tún ìwà ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó hùwà búburú ṣe?

Ìdí kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Ìdádúró ẹjọ́ a máa sọ aláìlẹ́bi di ẹlẹ́bi. Àwọn àgbà sọ pé ẹlẹ́jọ́ tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òwe yìí dára ní ìtòsí ọba tí ń gbọ́ ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìgbẹ́jọ́ bá ti falẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi pẹ̀lú lè sọ pé òun jẹ̀bi, kí ó lè mọ ọjọ́ tí òun yóò padà sílé. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹjọ́ kan tí gbogbo ìlú gbọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, a mú ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, Abba Kyari, lórí ẹ̀sùn kokéènì. Àwọn méjì tí a mú ní pápákọ̀ òfurufú Enugu nínú ọ̀rọ̀ kan náà sọ pé àwọn jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún wọn ní oṣù kẹfà ọdún náà. Kyari sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ kò gba onídùúró rẹ̀. Ní oṣù keje, àwọn jàǹdùkú agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Òun kò sá. Síbẹ̀ wọ́n tún kọ̀ fún un. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni a tó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó lè lọ ṣe ìsìnkú ìyá rẹ̀. N kò sọ pé ó jẹ̀bi, n kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó ní òun kò jẹ̀bi ti lo ju ọdún méjì lọ ní àtìmọ́lé láìsí ìdájọ́, nígbà tí ìdájọ́ ẹni tí ó ní òun jẹ̀bi jẹ́ ọdún méjì. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó lówó láti gba lọ́yà ńláńlá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọlọ́kadà Gánmọ́?

Ẹ̀wẹ̀, bí mo ti ń pe fún ìgbẹ́jọ́ kíákíá, n kò pe fún ìkánjú. Ìtàn ilẹ̀ wa kọ́ wa ní ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ọ̀gágun Muhammadu Buhari ṣe òfin kan tí a mọ̀ sí Dikírì 20, tí ó fi ikú ṣe ìjìyà fún ẹni tí ó bá ń ṣòwò kokéènì àti irú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́ àti àwọn ológun jọ jókòó sí ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1985, a yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Kirikiri ní Èkó: Bartholomew Owoh, ọmọ ọdún 26, Bernard Ogedengbe, ọmọ ọdún 29, àti Lawal Ojuolape, ọmọ ọdún 30. Ní ìgbà tí wọ́n ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ mú wọn, òfin tí ó wà nílẹ̀ kò ní ikú nínú. Òfin náà ni ó padà sẹ́yìn lọ bá wọn. Ariwo sọ ní ilé àti ní òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọdún 1986, ìjọba tí ó tẹ̀lé e yọ ikú kúrò nínú òfin náà, ó fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn kò sí láyé mọ́ láti jẹ àǹfààní àtúnṣe náà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Bí a bá tún wo ìtàn náà dáadáa, a óò rí i pé líle òfin nìkan kò tíì pa òwò yìí rẹ́. Ní ọdún 1966, òfin sọ pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ní í dín ní ọdún 21. Ní ọdún 1975 a dẹ òfin náà. Ní 1984 a tún fà á le, ní 1986 a tún dẹ̀ ẹ́, ní 1989 a sì dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá tún dìbò pé kí ikú padà wá. Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ onídùúró. Ìwé òfin ọdún 1999 kò fún ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ bá la ikú lọ ní ẹ̀tọ́ oṣù méjì tí mo mẹ́nu bà lókè yìí. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí díẹ̀ yóò wá tì pátápátá, ẹni tí yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́jà kokéènì ńlá bí kò ṣe ẹni tí a bá báàgì lórí ọ̀kadà rẹ̀.

Àwọn tí kò gba tiwa ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní àwọn tí ń ṣòwò oògùn olóró lówó lọ́wọ́, pé bí a bá gba onídùúró wọn, wọn yóò sá lọ sí òkè òkun. Wọ́n ní wọn yóò dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, tàbí kí wọ́n padà sí ìdí òwò wọn. Òtítọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òfin ti rí i ṣáájú wa. Òfin tí ń tọ́ ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sọ́nà, tí a ṣe ní ọdún 2015, sọ pé ilé ẹjọ́ lè kọ̀ láti gba onídùúró bí ẹ̀rí bá wà pé olùjẹ́jọ́ yóò sá, tàbí pé yóò tún dẹ́ṣẹ̀, tàbí pé yóò dí ẹlẹ́rìí lọ́wọ́, tàbí pé yóò ba ẹ̀rí jẹ́. Adájọ́ lè gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì lè ní kí ó máa fara hàn ní ọ́fíìsì àjọ NDLEA lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí ni pé kí a wo olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí a wo orúkọ ẹ̀sùn nìkan, kí a sì fi okùn kan náà di ẹni tí ó kó àpò kokéènì kúnnú àpótí àti ọmọ tí a bá wéépù igbó kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Wọ́n tún ní béèlì jẹ́ ti olówó. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Bí adájọ́ bá ní kí onídùúró mú ìwé ilẹ̀ ní Àbújá àti owó ọ̀kẹ́ àìmọye wá, ó ti fi ọwọ́ kan fúnni, ó sì ti fi ọwọ́ kejì gbà á padà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe èyí kọ́ ni pé kí a pa béèlì rẹ́. Òfin ọdún 2015 náà sọ pé àdéhùn onídùúró kò gbọdọ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ obìnrin ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ìyá tí ó ti ń ta òrí ní ọjà fún ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀, lè dára ju ẹni tí ó ní ilé mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta kókó. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ ní ọdún 1979 pé ìgbẹ́jọ́ kíákíá jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, lẹ́yìn tí a rí i pé àwọn tálákà kan ti pẹ́ ní àtìmọ́lé ju iye ọdún tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ìbá gbà lọ. Ní 1985 wọ́n ṣe òfin oògùn olóró, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà tí ó fi le gan-an nípa béèlì. Nígbà tí ó di 1994, ilé ẹjọ́ kan náà rí i pé àtìmọ́lé ti kún, ó sì pàṣẹ pé kí a gba onídùúró ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti lo ìdajì ìjìyà wọn láìrí ìdájọ́. Bí Íńdíà tí èrò rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ bá lè ṣe é, a kò ní àwáwí.

Kí ni kí a wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn adájọ́ di òfin ọdún 2015 mú ṣinṣin. Ó ní kí a máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sún ẹjọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, kí àárín ìgbà kan sí èkejì má sì ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ìjọba rí i pé àyẹ̀wò ohun tí a mú kò pẹ́, kí ẹlẹ́rìí ìjọba má sì máa pa ọjọ́ ẹjọ́ jẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí Àjọ Ìrànwọ́ Òfin, tí a dá sílẹ̀ láti ọdún 1976 nítorí àwọn tálákà, ní òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ tó láti dé Òkè-Kúrà àti irú ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí àwa ará ìlú má ṣe máa sá fún ọmọ wa nígbà tí ó bá nílò onídùúró. Ọmọ tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá wí ni a ń fi òsì fà mọ́ra.

Ní ìparí, mo padà sọ́dọ̀ bàbá tí ó sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wa. Nígbà tí ìpàdé tú, mo bi í pé, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni wọ́n bá báàgì lórí ọ̀kadà rẹ̀ ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí ó ni báàgì." Ohun tí òfin béèrè nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí a bi í, kí a sì tètè bi í. Bí ó bá jẹ̀bi, kí ó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá jẹ̀bi, kí ó padà sílé kí ọmọ rẹ̀ tó gbàgbé ojú rẹ̀. Nítorí náà, n kò fara mọ́ gbólóhùn tí a fi ṣe ìbéèrè yìí.